Páìpù Tó Yà fún Sàréè Bàbá Mi

Bàbá mi ò tíì kú. Ara rẹ̀ le koko, ó ń jẹun, ó ń bá gbogbo ayé jà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tí wọn yóò sin òun sí. Iwájú ilé wa ní Òṣogbo ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá tirẹ̀, níbi tó máa ń tẹ́ ẹní sí láti ránṣọ lọ́sàn-án. Télọ̀ ni. Bí àwọn ọmọdé bá gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀, á ní kí wọ́n kúrò lórí àyà òun.

Ibẹ̀ gan-an ni páìpù omi fẹ́ gbà.

Ogun Bìáfúrà ò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Èmi ni fọ́máànù àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe èmi ni mo ní kí iṣẹ́ gba àdúgbò wa. Ibi tí àwòrán iṣẹ́ bá yà sí là ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí a kan èèkàn tí a fi ń sàmì ọ̀nà páìpù síwájú ilé wa, bàbá mi fà á tu, ó jù ú sínú ààrò ìyá mi. Mo kan òmíràn. Ó tún fà á tu. Inú bí mi. Mo ní ó ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, àti pé gbogbo ojúlé tó wà ládùúgbò ló ń retí omi yìí. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Tí páìpù yín bá ń jò, tí mo sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ta ni kí n pè?"

Ìyá mi tó ń koná rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jíjò. Bí òrùlé bá ń jò lóru, òun lòun ń dìde lọ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀. Bàbá mi á kàn fa aṣọ borí ni. Bàbá mi kọjú sí mi. Ó ní kí n lọ pe ọ̀gá mi wá.

Ọmọ Iléṣà ni ẹnjiníà wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ páìpù ṣeré rárá. Mo rò pé á bá mi bínú sí bàbá mi. Ẹ ò rí nǹkan! Ńṣe ló fa àpótí, tó jókòó tì í, tó ń ṣàlàyé fún un bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní irin yìí kì í ṣe irin àtijọ́ tó máa ń sán. Bí ọkọ̀ agbégẹdú bá gba orí ilẹ̀ kọjá, á tẹ̀ díẹ̀, á sì padà sípò, bí a bá ṣáà ti rì í jìn tó, tí a ṣa òkúta kúrò, tí a sì fi iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ó ní amọ̀ tútù àdúgbò wa máa ń jẹ irin, nítorí náà a ó nù ún mọ́, a ó sì fi náílọ́ọ̀nù funfun wé e látòkè délẹ̀.

Bàbá mi wojú mi, ó wojú ọ̀gá mi. "Ẹ nù ún mọ́, ẹ wé e ní funfun, ẹ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ fún un. Kí ló wá kù? Kí n wá kírun sí i lára?"

Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí omi yóò bá jò, oríkèé ni, ibi tí ìdí páìpù kan ti wọ ẹnu èkejì, tí róbà wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n oríkèé kan náà ló ń jẹ́ kí páìpù lè yà díẹ̀. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á díẹ̀díẹ̀ láti ilé mẹ́ta sẹ́yìn, yóò gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá láìfara kàn án. Odindi páìpù kan ni a ó sì tẹ́ síbẹ̀, kí oríkèé kankan má bàa sún mọ́ ọn. Ohun kan ló kù: ibo gan-an ni sàréè náà, báwo ló sì ṣe gùn tó?

Báyìí ni bàbá mi ṣe dùbúlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó kọjú sí gábàsì, ó sì ju téèpù tó fi ń ránṣọ sí mi. Mo ń wọn sàréè bàbá mi, bàbá mi sì ń bá mi wí pé n ò fa téèpù náà le. Obìnrin kan tó pọn omi ń kọjá, ó sọ garawa kalẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bàbá mi gbórí sókè, ó ní kó jọ̀ọ́ dákẹ́, wọ́n ń wọn òun lọ́wọ́.

A kan èèkàn sójú sàréè náà; kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti kan tiwọn. Kálukú ti rántí ibi tí wọn yóò sin òun sí, ojú ibi tí páìpù ń gbà ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Bíríkìlà kan tí kò tíì gbéyàwó kan tirẹ̀. Ọkùnrin kan kan ti ara rẹ̀, ó kan ti àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn yẹn sì ń jà lórí ẹni tí yóò sùn sápá ọ̀tún. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ẹnìkan ní ṣé torí pé bàbá mi ni páìpù fi yà fún un, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Ẹnjiníà wo àwọn èèkàn náà, ó ní oríkèé kankan ò lè yà tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò bọ́. Tí a ò bá yanjú ẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó tán, òun á gbé páìpù lọ sí àdúgbò mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

Ó ní, "Èmi ti dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ní èèkàn níbí, kó wá dùbúlẹ̀ ká wọ̀n ọ́n."

Ta ni yóò dùbúlẹ̀ sójú sàréè ara rẹ̀ láàyè? Obìnrin kan rántí pé ìkòkò òun wà lórí iná. Bíríkìlà fọwọ́ ara rẹ̀ fa èèkàn rẹ̀ tu, ó ní ìjọba lòun ń bá kàn án. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun àsárì, èèkàn bàbá mi nìkan ló kù.

A tẹ́ páìpù náà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ omi lẹ́yìn wa rí bó ṣe yà, wọ́n ní ẹni tó wọn ilẹ̀ yẹn ti mutí yó. Láràárọ̀, bí bàbá mi bá ti kírun tán, á lọ fàtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ náà, á wá sọ fún ìyá mi pé ó gbẹ. Ìyá mi á ní Ọlọ́run ṣeun, kó lọ fọwọ́.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ kú. Àìsàn náà ò pẹ́. Àwa ọmọ ń jiyàn lórí ibi tí a ó sin ín sí, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ. Bàbá mi ò bá wa jiyàn. Ó lọ ká ẹní tó fi ń ránṣọ kúrò, ó ní, "Ibí ni."

Mo ní, "Bàbá, ibi tiyín nìyẹn."

Ó ní òun mọ̀.

Èmi àti àbúrò mi la wọ inú sàréè láti gbà á. Nígbà tí a tẹ́ ẹ tán, tí a kọjú rẹ̀ sí gábàsì, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ lókè orí wa, ó pè mí jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó gbẹ?"

Mo fàtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ tí páìpù wà, mo tẹ abẹ́ orí ìyá mi. Mo ní, "Ó gbẹ, Bàbá."

Ó ní, "Tún wò ó."

Mo tún wò ó.