Akọni Tó Kúnlẹ̀ Kí Ọ̀tá Ẹ̀

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ bí orúnkún mi ṣe dà mí l'Ájáh lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúnkún méjèèjì o! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn, kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í júwe àgbo fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lórí péèjì yìí mọ iṣẹ́ mi. Kọ́míìkì àwọn akọni, àwọn tó ń fò, tó ń wọ ìbòjú, tó ń fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò, mò ń kà wọ́n, mo sì ń fún wọn ní ìràwọ̀. Èyí tó bá gba márùn-ún, ẹ lọ rà á. Èyí tó bá gba ẹyọ kan, ẹ fi wé àkàrà.

Ọ̀kan wá jáde láìpẹ́ yìí tó ń jẹ́ Ìjì Ọ̀sà. Ọmọbìnrin kan, Ìjì, ni akọni inú ẹ̀. Tó bá fọwọ́ lu omi, ọ̀sà á dìde dúró bí ògiri. Ọ̀tá ẹ̀ ni Bàbá Yẹ̀pẹ̀, arúgbó kan tó fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ dí gbogbo ọ̀sà kó lè kọ́ ẹ́sítéètì sórí ẹ̀. Àwa tá à ń gbé Lẹ́kkí, ṣé àròsọ la máa pe ìyẹn? Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ nígbà tí ìjà dé, tí àwọn méjèèjì fojú kojú, tí ojú ọ̀run ti ṣú, kí ni ọmọ yìí ṣe? Ó kúnlẹ̀! Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bàbá Yẹ̀pẹ̀ dá a lóhùn, ó béèrè ìyá ẹ̀, ó ní ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́. Odindi ojú ìwé méjì ni wọ́n fi kí ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó ju ẹ̀ṣẹ́.

Inú bí mi. Mo kọ ọ́ síbí pé ta ló ń kí ẹni tó fẹ́ pa á? Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì. Ẹ̀yin náà bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ má sẹ́ o.

Nígbà tí apá kejì fẹ́ jáde, wọ́n ní ẹ̀dà díẹ̀ máa ní èèpo tó ń dán, tí omi ara ẹ̀ á máa mì tẹ́ ẹ bá yí i. Mo ṣèlérí pé màá ṣí i lójú gbogbo yín lórí fídíò láìfù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀gá Múfú tó ń ta ìwé l'Ájáh ní ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun, òun á gbé e pamọ́ dè mí, kí n wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo débẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹnì kan kọ̀yìn sí mi, ó ń fi kọ́míìkì mi sínú ọ̀rá. Kọ́míìkì mi! Ọ̀gá Múfú rí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Ara mi gbóná. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: màá béèrè bóyá onítọ̀hún mọ̀ mí, màá gbá tábìlì, lẹ́yìn náà kí ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ẹni náà yíjú padà. Irùngbọ̀n funfun báláú, tẹ̀súbà lọ́wọ́, bàbá tó lè bí bàbá mi. Orúnkún mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàsán sà," ni ohun tó jáde lẹ́nu mi.

Bàbá gbàdúrà fún mi, wọ́n béèrè ilé wa, wọ́n béèrè àwọn òbí mi. Mò ń ṣe àmín, kọ́míìkì mi sì wà lábẹ́ abíyá wọn. Nígbà tí wọ́n ní Addo làwọn ń lọ, ta ló gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ wọn tó bá wọn gbé e dé inú kẹ̀kẹ́ Márúwá? Èmi yìí náà ni. Mo tún kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kó rọra.

Kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra, mo fọgbọ́n béèrè bóyá ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n rà á fún. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló ń kà á, apá kìn-ín-ní sì bí àwọn nínú gidigidi. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí alátìlẹ́yìn. Mo ní ṣé torí pé Ìjì kí ọ̀tá ẹ̀ ni?

"Rárá o," Bàbá dáhùn. "Ẹsẹ̀ kan ló fi kúnlẹ̀. Ó tún wọ ìbòjú kí àgbàlagbà. Ta ló tọ́ ọmọ yẹn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i pé wọn ò ṣeré. Ni mo bá jẹ́wọ́ ìlérí tí mo ṣe fún yín, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í yá èèyàn níwèé, àmọ́ tí mo bá wá sí Addo, a lè jọ wò ó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe láìfù ọjọ́ Sátidé ní pálọ̀ Bàbá l'Áddo. Èmi gbé fóònù dání, Bàbá ń ṣí ìwé. Wọ́n ní Ìjì ń fò kọjá lórí ilé onílé láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní látàárọ̀ tó ti ń jà, kò jẹun, ìyá ẹ̀ ò sì pè é. Nígbà tó wá dé ibi tí Ìjì ti borí Bàbá Yẹ̀pẹ̀, ọmọ náà ṣí ìbòjú ẹ̀, ó fà á dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù, ó bu omi fún un mu. Bàbá yọ awò ojú wọn.

"Ó ti gbẹ̀kọ́," ni wọ́n sọ. Omi lé sí èmi náà lójú, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìràwọ̀ márùn-ún, láìjanpata.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má yára fi akọni ṣẹ̀sín nígbà tí ìjà tiẹ̀ ò tíì dé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti múra ìjà dè rí, tó wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bá a gbẹ́rù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kí Bàbá o. Wọ́n ti wà lórí péèjì yìí báyìí, wọ́n sì ń ka gbogbo ẹ̀.