Ẹ̀gbọ́n Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Gba Bọ́ọ̀lù Lẹ́sẹ̀ Rẹ̀

Tí ẹ bá dé ibi ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ béèrè ìyá tó ń ta pákó tó tún ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó nawọ́ sí ìsọ̀ mi. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń bá a la igi. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wo ilé, wọ́n wo oko, wọ́n wo ọkọ̀ tó fi ń kó pákó. Kò sẹ́ni tó wo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni obìnrin mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Mo ní ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń ra jésì, tó sì ń se oúnjẹ tí gbogbo wọn ń jẹ, ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó já mi nírọ́.

Lára ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi ni ọkùnrin kan tó ń gbá iwájú. Ará Ìwópin ni, létí omi lọ́hùn-ún. Nígbà tó wà léwe, ó gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó, ó gbá a dé Kútọnu, wọ́n sì máa ń pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Nígbà tó fi padà wálé, orúnkún rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti Awà títí dé Mámu, kò sí ẹgbẹ́ kankan tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Ó wọ́nwó. Yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀, èmi ni mò ń san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá láti Ìwópin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mò ń gba yàrá fún un, èmi ni mò ń ra òróró tí wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọmọ etí omi kì í jẹ ẹja inú yìnyín. Àwọn ọmọ yòókù ń jẹ pańla, òun ń jẹ ẹja tútù. Mo ti sọ fún un rí pé tó bá jẹ́ pé ẹja ló ń gbá bọ́ọ̀lù náà fún un, kó kúkú jẹ́ kí ẹja wọ jésì.

Nígbà tí àsìkò ìdíje tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, akápò wa pe ìpàdé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kan owó, ojú rẹ̀ máa ń le. Ó ní kí a jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yẹn máa lọ, kí a fi ohun tí à ń ná lé e lórí wá ọ̀dọ́ mẹ́ta. Bàbá kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní, "Àkísà lẹ wá fẹ́ kí n máa fi ẹja tútù bọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹgbẹ́, èmi nìkan ni mo ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí tí mo sì tún ń san owó rẹ̀, èmi ni kí n lọ sọ fún un pé kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún un, kí ẹ má baà rò pé eré lásán ni. Ọkùnrin tó ti súnmọ́ ogójì ọdún ni. Kò kọ́ iṣẹ́ kankan. Bí a bá jẹ́ kó lọ, kò sí ẹgbẹ́ kankan ní gbogbo agbègbè yìí tó máa gbà á sọ́wọ́. Ó ti jókòó sí ìsọ̀ mi rí, ó ń wo àwọn tó ń gbé pákó, ó ní, "Àlàájà, ọjọ́ tí mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́, mi ò mọ ẹni tí wọn yóò máa kí nínú mi." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀ n kì í fi àánú ra igi tó ti jẹrà. Mo sọ fún wọn pé n kò ní lé e, n kò sì ní ní kó dúró, títí tí màá fi fojú ara mi wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo ti ìsọ̀, mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀. N kì í lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìdíje nìkan ni mo máa ń lọ, gòólù nìkan ni mo sì máa ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, mo pa ọ̀rọ̀ gòólù tì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni mò ń wò. Ohun tí mo rí bí mi nínú.

Ọkùnrin náà gba bọ́ọ̀lù, ó kọjú sí ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Igi ìrókò ló ń yí lójoojúmọ́. Ó sáré wá tagbáratagbára, ó kù díẹ̀ kó kan bọ́ọ̀lù, ó bá dẹsẹ̀ dúró, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí àgbà ń kọjá lọ́nà tóóró. Ẹ̀gbọ́n kọjá, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta tilẹ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn Awà ní ọdún tó kọjá bá wá sí mi lọ́kàn. Ọmọkùnrin wọn kan wà tó máa ń dá ẹsẹ̀ ènìyàn bí ẹni dá igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wa gbá a, ó káwọ́ sẹ́yìn níwájú ẹ̀gbọ́n wa bí ọmọ ilé kéú. Mo ti rò pé ẹ̀rù bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń bà á. Ìtìjú ni. Gbogbo wa la mọra ní ìhín. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé òun gbá ẹ̀gbọ́n ṣubú sílẹ̀ lójú ọjà?

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka gòólù fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń bá a gbá a. Èyí tó wá burú ni pé ìdíje tó ń bọ̀, ní Àgọ́-Ìwòyè ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ti wọ̀ ọ́. Láti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti wá. Wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n wa, wọn ò mọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn gba yàrá nílé mi, ọmọ Àkúrẹ́ kan tó gùn tó sì máa ń kọrin nílé ìwẹ̀. Mo pè é. Mo ní kó tẹ̀lé mi lọ sí pápá, kó gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe ń gbá a nílé ẹ̀kọ́, kó má sì béèrè ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ní, "Kò burú, Mọ́mì." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọjú bọ́ọ̀lù sí i, kò yà. Ó gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n tún pàdé, ọmọ Àkúrẹ́ tún gbà á. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kẹta, èjìká kan èjìká, ẹ̀gbọ́n ṣubú, ó fi orúnkún wọ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ya bo ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ kíá. Wọ́n ní ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Ó ń wo ojú mi, ó ń wá ẹni tó máa gbà á. Mo dìde, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní jẹun mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbọn yanrìn ara rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wá bá mi ní ìsọ̀. Kò jókòó.

"Àlàájà, ẹ̀yin lẹ mú ọmọ yẹn wá."

"Èmi ni."

"Ẹ dójú tì mí."

"Kí wo wí?" Èdè Ìjẹ̀bú ló bọ́ lẹ́nu mi nítorí inú tó bí mi. "Ṣé èmi ni mo dójú tì ẹ́, àbí àwọn tó ń yà fún ẹ lójoojúmọ́ tí wọ́n ń tàn ẹ́ jẹ?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí i pé kò tíì mọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un, ti àwọn ọmọ wa àti ti àwọn Awà, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó rọra jókòó lórí pákó.

"Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ni," ló wí.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, á parọ́ fún un nígbà yẹn. N kò parọ́ fún un. Mo ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Màá san owó rẹ fún ìdíje yìí. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ jẹ owó mi, jẹ́ kí wọ́n gbá ẹ. Tó o bá wúlò lẹ́yìn ìyẹn, o dúró. Tó ò bá wúlò, o ń lọ sílé, èmi fúnra mi ni màá sì sọ fún ẹ."

Ó dìde, ó ní kí ọmọ Àkúrẹ́ náà máa bọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kó àwọn ọmọ jọ, ó ní ẹni tó bá yà fún òun, òun á fọ́ ọ létí. Ó rọrùn fún wọn láti gba ìfọ́tí ju kí wọ́n gbá a lọ. Ọ̀kan á kọ́kọ́ ní "ẹ má bínú sà" kó tó sáré wá, ẹ̀gbọ́n á sì ti lọ. Ọmọ tó ń yí ìrókò gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà kan, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìn igi. Ọmọ Àkúrẹ́ nìkan ni kò bìkítà. Díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn yòókù là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Mo ń ra òróró tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, akápò ń mí kanlẹ̀.

Mo wá ń rí nǹkan mìíràn. Tẹ́lẹ̀, tó bá gba bọ́ọ̀lù, ó máa ń fi í ṣeré, á yí i ká, nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń lé òun. Nígbà tí wọ́n ń gbá a lóòótọ́, bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti fún ẹni tó dúró síbi tó dáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, a gbá a débi tó fi jẹ́ àwa àti àwọn yunifásítì ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, ọmọ Àkúrẹ́ wá kí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ mi ni mo wà lónìí." Mo ní tí kò bá gbá a dáadáa, màá fi owó kún owó ilé rẹ̀.

Ó gbá a dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbá gòólù kan sáwọ̀n wa, a dá a padà. Ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì wa títí ìdajì kejì fi ń lọ sópin, kí wọ́n tó fi í wọlé. Akápò jókòó tì mí, ó ń fi ìka ṣírò owó. Ó béèrè bóyá kí a ṣì kọ orúkọ ọkùnrin yẹn mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wòran.

Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Àkúrẹ́ já lù ú bí ó ti máa ń ṣe ní pápá wa, tagbáratagbára. Kó tó dé, bọ́ọ̀lù ti kúrò níbẹ̀, ó ti gba àárín ẹni méjì kọjá lọ bá ọmọ wa tó wà lápá òsì. Ẹsẹ̀ ọmọ Àkúrẹ́ kò lè dúró mọ́, ó gbé ẹ̀gbọ́n ṣubú lulẹ̀ gbì. Ọmọ wa gbá tirẹ̀ sáwọ̀n.

Gbogbo àwọn ọmọ mi sáré lọ dì mọ́ ara wọn. Ọmọ tó ń yí ìrókò fo ẹ̀gbọ́n kọjá níbi tó ṣubú sí, kò wo ilẹ̀. Mo dìde, mo rò pé orúnkún ti lọ. Mo wá rí i pé ikùn rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

Mo yíjú sí akápò, mo ní, "Ẹ kọ ọ́. Kí ẹ sì kọ owó ẹja mọ́ ọn."

Lórí pápá, ọmọ Àkúrẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà nínú yanrìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ti bá wa gbé pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ tilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó wo ọmọ náà nílẹ̀.

"Ta ló ní kí o bẹ̀ mí?" ló wí. "Dìde, lọ gbé bọ́ọ̀lù sáàárín. A ò tíì ṣe tán."