Ẹsẹ̀ Òsì Mi àti Irin Òṣòdì

Lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Owó epo rọ̀bì ti dé, àwọn ẹgbẹ́ mi kan sì ti gba lẹ́tà iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe ìdánwò tán. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bó ṣe le tó fún ẹni tó kàwé láti wà láìníṣẹ́ láyé ìgbà náà. Ó gba akitiyan gidi. Èmi ṣe é.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ń ronú nípa ìrònú. Ìwé gbọọrọ kan ni mo kọ gba oyè, mo sì sọ nínú rẹ̀ pé ọmọ ènìyàn lómìnira láti yan ohun tí yóò ṣe, pé kò sí àyànmọ́ kankan tó so wá mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ṣógúnlé ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà Òṣòdì. Télọ̀ kan, ará Ìsẹ́yìn, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ní ti télọ̀ yìí, kò sí ohun tí wọn kò tíì kọ sílẹ̀ lọ́run. Bí ṣòkòtò oníbàárà bá fún jù, kádàrá ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aago mẹ́wàá géérégé. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, mo bá télọ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Akọ̀wé! Táì yẹn fẹ́ fún ọ pa. Ta ló so ó fún ẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo yàn án."

"Ó yàn án! Ṣé ìwọ náà lo yan imú tó wà lókè rẹ̀?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe inú bíbí lásán. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, àánú ara mi náà sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Mo sọ sókè pé, "Bí mo bá gba iṣẹ́ yìí, èmi ni mo gbà á. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, èmi náà ni."

Ó fi eyín já òwú. "Gbogbo wa la gbọ́."

Mo rìn dé Bọ́ládé ní Òṣòdì, mo fẹ́ sọdá ojú irin kí n lè wọkọ̀ Ìsọlọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi ẹsẹ̀ òsì kọ irin, gbì!

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé ẹsẹ̀ kan máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ rere fún èèyàn, tí èkejì á jẹ́ ẹsẹ̀ burúkú. Ẹlòmíràn á fi ọ̀tún kọ, ire dé nìyẹn. Ẹlòmíràn, òsì ni tirẹ̀. Ohun tó kó ìdààmú bá mi ni pé n kò mọ tèmi. Nínú gbogbo ìdánwò tí mo ṣe ní yunifásítì, ẹnì kan ò bi mí.

Mo sọ fún ara mi pé asán ni. Mo gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, àyà mi já. Mo rántí ibi tí mo ti pe irú ìbẹ̀rù yìí ní ẹ̀wọ̀n ọkàn nínú ìwé mi, gbólóhùn tí olùkọ́ mi fàlà sí nídìí nítorí ó dùn mọ́ ọn. Mo wá fi òmìnira mi yàn láti yà lọ́dọ̀ Àlàájà lọ́jà, kí n kàn bèèrè.

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wà ní Ìsọlọ̀ báyìí?"

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wo ni ẹsẹ̀ rere mi? Mo fi òsì kọ lójú irin."

Ó gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òsì! Bàbá ẹ, òsì ló dáa fún un. Ìyá ẹ, ọ̀tún. Ìwọ... nígbà tó o wà ní kékeré, méjèèjì lo fi ń kọ. O kì í wolẹ̀."

"Ọmọkùnrin, ti bàbá ló máa ń jọ," obìnrin tó ń ta ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá sí i.

"Irọ́ o," oníbàárà kan ní. "Ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀, nígbà tó kọ ọ́?"

Mo ní, "Àárín irin méjèèjì ni mo wà."

Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọ́n gbà pé ìyẹn ló burú jù. Àlàájà fa àpótí kan fún mi. "Jókòó díẹ̀, kí aburú náà ṣíwájú ẹ lọ."

Mo jókòó. Aburú ṣíwájú mi lọ lóòótọ́, ó sì dé Ìsọlọ̀ ní àsìkò. Èmi dé ní aago méjìlá. Ọ̀gá tó ń gbanisíṣẹ́ ní wọ́n ti fi iṣẹ́ náà fún ẹni tó dé ní aago mẹ́wàá. Ó bi mí ohun tó dá mi dúró. Mo ní ọkọ̀ ni.

Nílé, inú Àlàájà ń dùn. "Ẹ ò rí i? Mo ní òsì ò dáa fún un!" Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Akọ̀wé, tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní yà síbì kankan. Bí wọ́n bá ti kọ iṣẹ́ mọ́ mi, ṣé irin ló máa pa á rẹ́? Bí wọn ò bá sì kọ ọ́, kí ni mò ń bèèrè ẹsẹ̀ fún? Ìwọ tó o yan gbogbo nǹkan, ìwọ náà lo yàn láti yà."

Ọkùnrin tó gbà pé wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ ló ń rìn bó ṣe wù ú. Èmi tí mo lómìnira ni mò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé iṣẹ́ náà tún pè mí. Ẹni tí wọ́n gbà ti rí iṣẹ́ tó sàn ju tiwọn lọ. Nígbà tí mo dé ojú irin, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi débi pé òsì yẹn náà ni mo tún fi kọ ọ́. Mo ń wo gèlè orí Àlàájà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rántí ẹnu télọ̀. Mo sọdá. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá èmi ni mo yàn án, àbí ẹnu ọkùnrin yẹn ló tì mí.

Ọ̀gá rí i pé mò ń tiro. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Mo fi kọ irin ni, sà."

"Èwo?"

"Òsì."

Ó mú pẹ́ẹ̀nì. "Á à. Òsì ló dáa fún èmi náà."

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Àlàájà ń sọ fún gbogbo ọjà pé òun ti wí i látilẹ̀ pé òsì ni ẹsẹ̀ rere mi. Télọ̀ rán ṣòkòtò tuntun fún mi láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣòkòtò náà fún mọ́ mi nídìí burúkú. Mo bi í pé ọwọ́ ta ni sísọ́ọ̀sì wà nígbà tí wọ́n ń gé e.

"Kádàrá ni," ó ní.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, aago méje sì ti kọjá. Mo wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.