Bí Mo Ṣe Gbá Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọkọ Mi ní Ìkẹ́nnẹ́

Àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ nígbà tí mo jáde nílé wa l'Abẹ́òkúta. Bọ̀dé, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ti kọ lẹ́tà sí mi láti Èkó pé ìyá òun fẹ́ rí mi kí ìdána tó wáyé. Bí mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kò sí ìdána. Ìyá mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ìkìlọ̀ kò sì tán lẹ́nu wọn: "Kó o jí kí wọ́n tó jí. Kó o gbálẹ̀ kí wọ́n tó ní kó o gbálẹ̀."

Ọkọ̀ Písọ́ọ̀ kan gbé wa dé Ṣàgámù ní náírà méjì, àwa mẹ́ta níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Apẹ̀rẹ̀ obì kún ibùdókọ̀ débi pé ń ṣe ni mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Mo wọ takisí mìíràn lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Awakọ̀ bi mí pé ta ni mò ń lọ kí. Mo ní Màmá Bọ̀dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá tí kì í roko? Ọkọ́ wọn ti dógùn-ún, àǹtí."

Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní bí ìyá ọkọ bá ya ọ̀lẹ, iṣẹ́ kékeré ni yóò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ìkọ́kọrẹ́ ni Màmá fi ṣe mí lálejò lálẹ́: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n fi epo àti ẹja sè. Láfún la mọ̀ ní tiwa, àmọ́ mo jẹ àwo náà mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ojú tì mí fún wọn. Ewé gbígbẹ, èèpo iṣu àti pòpórò àgbàdo bo gbogbo ìdí ewébẹ̀. Mo gbá a títí ilẹ̀ fi ń dán, mo kó o jọ, mo ṣáná sí i, mo sì dúró tì í, mò ń retí oríyìn.

Màmá jáde. Wọ́n wo iná, wọ́n wò mí.

"Ta ló rán ọ?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo ní kí n bá yín tún ibí ṣe ni, Màmá."

"Aṣọ ilẹ̀ lo bọ́, lo dáná sun. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń dà á síbẹ̀, tí n kò fi ọkọ́ kàn án. Ekòló ló ń bá mi roko." Wọ́n fi ìka tú ilẹ̀. Ó dúdú, ó rọ̀, ekòló méjì sì yọjú. "Oòrùn òní ni yóò pa àwọn wọ̀nyí."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: mo ti fi ìgbálẹ̀ gbá ọkọ mi dànù.

"Dìde. Gbé apẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo máa wá aṣọ mìíràn fún un kí oòrùn tó mú."

Bá a ṣe ń ti ilé dé ilé nìyẹn, Màmá níwájú, èmi lẹ́yìn, tí mò ń kúnlẹ̀ tọrọ ìdọ̀tí onídọ̀tí: ewé obì, èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ adìẹ. Àwọn onílé fi mí rẹ́rìn-ín títí. Nílé kẹrin, ìyá arúgbó kan bèèrè pé, "Ọmọ ta nìyí?"

Màmá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìyàwó wa ni. Ó gbálẹ̀ jù ni."

Mo gbọ́ "ìyàwó wa" lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Omijé bọ́ sínú ìgbẹ́ adìẹ. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ilé tí wọ́n ti bèèrè, èsì kan náà ni. Kí oòrùn tó mú, a ti fi gbogbo rẹ̀ bo ilẹ̀ náà.

Ìgbà tí mo fi padà délé lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ló yẹ ní gbígbá. Ìyá mi sáré pàdé mi.

"Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí. Ilé mọ́kànlá ni Màmá mú mi dé."

N kò sọ ohun tí mo lọ tọrọ níbẹ̀.