Mọ́tò Tíṣà Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fi òòlù lu páànù, ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìlọrin ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ó ra ògbólógbòó mọ́tò kan tó ti dípẹtà, ó ní òun fúnra òun ni òun máa tún un ṣe.

Gbogbo Sátidé ló fi ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá tún ibì kan ṣe, ibòmíràn á bàjẹ́. Ó tọrọ aṣọ àrán mi, ó fi bo àga iwájú.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì gbà láti ṣiṣẹ́, rífáàsì nìkan ni jíà rẹ̀ ń wọ̀. Tíṣà ju sípánà nù, ó dorí kodò. Mo wọnú mọ́tò náà, mo jókòó sórí àrán.

"Tíṣà, gbé mi jáde."

"Ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ, ìyàwó."

"Ṣé mo ní iwájú ni mò ń lọ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yí ọrùn padà, a sì fi ẹ̀yìn rìn títí dé etí Táíwò Road, àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni mọ́tò kú sí. A jọ tì í padà sílé ni.

Àìsàn mú Tíṣà lọ kí ọdún náà tó parí.

Àwọn ọmọ wa ti ra mọ́tò tuntun báyìí. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ bọ́ síwájú." Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí mo ti lè sunkún Tíṣà láìsí ẹni tó ń wò mí.