Ibi Tí Ó Kọ Ojú Sí

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ mi pé òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Mo rò ó nígbà kan pé àfojúdi ni, mo sì gbá a létí. Ó fọwọ́ di etí náà mú, ó tún béèrè. Ọmọ náà kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kódà bó bá ń sùn, kì í kọ ojú sí ògiri, nítorí ó ní nǹkan lè máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Èmi náà ti darúgbó, mo sì ti wá di ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè ní kí ló wá le nínú ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá kú lójú òbí, òbí kì í tẹ̀lé àwọn tó ń lọ sin ín. Wọn kì í fi ojú oórì rẹ̀ hàn wọ́n, àwọn tó sin ín kì í sì í sọ ọ́ títí ayé. Wọ́n ní kí òbí má baà sọ ibẹ̀ di ilé, kó máa sunkún níbẹ̀ títí yóò fi gbàgbé àwọn ọmọ tó kù. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀ ni wọ́n gbé lọ lọ́jọ́ náà.

Odigbo là ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń dá oko kòkó, èmi ń ṣe púpurú, gbágùúdá tí a rẹ, tí a mọ róbótó, tí a wá gbé sórí ààrò títí èéfín fi wọ inú rẹ̀. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì tó ti Ore wá sọ́dọ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ títì ń wá oúnjẹ tó máa ń gbé inú ró, mo sì gbé igbá mi tọ̀ wọ́n lọ sí Ore. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ọmọ mi á tẹ̀lé mi. Ó ní òun fẹ́ bá mi ru ẹrù. Ẹ̀tàn ni. Bí a bá ti débẹ̀ báyìí, á sọ ẹrù kalẹ̀, á lọ dúró ti àgbá ọ̀dà.

Àbúrò ọkọ mi ló ń ṣọ́ iná lábẹ́ àwọn àgbá náà. Ó ti wà nílé wọn kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ojoojúmọ́ ló ń fẹjọ́ ọmọ sùn mí.

"Ìyàwó, ghá mú ọma rẹ re ulé o!" Bó ṣe máa ń kígbe nìyẹn, tòun ti igi ìdáná lọ́wọ́. "Ó ní bí ọ̀dà bá tutù tán, ṣé ó ṣì mọ̀ pé òun ti gbóná rí. Kí ni kí n wí fún un?"

Aládúrà ni wá, a kì í sì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà. Lọ́jọ́ kan tí a lọ ṣe ìsìn ní Ore, oòrùn mú gan-an, ọ̀dà tuntun náà sì ti rọ̀. Gbogbo wa ń fò lórí títì, àtàgbà àtọmọdé, títí kan bàbá àgbà ìjọ tó ṣáájú wa, tó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún tó ń ké halelúyà. Ọmọ mi nìkan ló dúró láàárín títì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú ẹsẹ̀ tí a fi sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọn ti bàbá àgbà. Kí n tó padà lọ fà á kúrò, ìsàlẹ̀ aṣọ funfun náà ti dúdú. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ó kàn tàn káàkiri ni.

"Ìyé," ó ní, nítorí bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa nìyẹn, "ṣé Ọlọ́run á ṣì dá mi mọ̀ nínú aṣọ yìí?"

Mo ní, "Ìwọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dá mọ̀." Inú ti ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Nígbà òmìnira, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní àsíá kékeré àti ife. Wọ́n se ìrẹsì fún wọn. Nígbà tó délé, ó ní kí a sọ fún òun, òyìnbó tó ń lọ yìí, ṣé yóò ká títì rẹ̀ dání ni? Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi jáde. Àmọ́ ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó dúró gba ìdáhùn. Ife tí wọ́n fún un, kò fi mu omi rí. Ó gbé e dání nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Agbabu. Gbogbo wa la mọ ohun dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ Agbabu, tó máa ń lẹ̀ mọ́ni látẹ́lẹsẹ̀. Ó bù ú sínú ife, ó sì gbé e wá fún àbúrò bàbá rẹ̀ nídìí àgbá. Ìyẹn fi igi ha díẹ̀ sórí irin gbígbóná, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní bí wọn kì í bá ṣe ọ̀kan náà, ẹbí ni wọ́n.

"Níbo ni ti inú àgbá yìí ti wá?" Ọmọ mi ló béèrè.

"Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti òkè òkun."

"Agbabu sì wà níbí."

"Agbabu wà níbí."

"Kí ló wá dé?"

Àbúrò ọkọ mi wò ó, ó wò mí. Ó bu òkèlè púpurú ńlá kan sẹ́nu kó má baà dáhùn. Ife náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ohun dúdú náà ti le mọ́ ìdí rẹ̀.

Ibà ló pa á. A gbàdúrà, a fún un ní omi àdúrà, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí èyí tí a kò ṣe. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Lórí ẹní, ó béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí òtútù fi ń mú òun nígbà tí ara òun ń gbóná. Mo ní kó sinmi, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí dé inú egungun, ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Wọn kò jẹ́ kí n rí i mọ́. Àwọn obìnrin ìjọ mú mi lọ sí Ajue, àwọn ọkùnrin mú bàbá rẹ̀ lọ sí Ago Alaye. Nígbà tí wọ́n dá mi padà sílé, àpótí aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Aṣọ àdúrà ọlọ́dà náà kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n wọ̀ fún un, inú mi sì dùn díẹ̀ pé mo ti mọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Mo yẹ ọkọ́ àwọn aládùúgbò wò, gbogbo wọn ni wọ́n ti fọ̀. Mò ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà oko. Mo bi àwọn ọkùnrin ìjọ, wọ́n fi sáàmù dá mi lóhùn. Èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ń sun inú ilé kan, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa, a sì máa ń fi ojú bi ara wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo bá ń wá a báyìí, ẹkún kì í gbọ̀n mí. Àfi bíi pé òun ló ń gba ojú mi wòran.

Mo fura sí àbúrò ọkọ mi. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà kó tó lè wo ojú mi, kò sì jẹ púpurú mi mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Títì náà gbó, wọ́n tún un ṣe, ó tún gbó. Bàbá ọmọ náà kú láìmọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àìsàn ti dá àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ore. Mo se ọbẹ̀ ẹja, mo mú púpurú dání, mo wọkọ̀ lọ kí i.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi."

"Ìyàwó, ṣé ìwọ nìyí?"

Ó wo púpurú náà pẹ́. Ó wá bù ú, ó jẹ ẹ́. Mo dúró kó jẹun tán. Mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè ibi tó sin ọmọ mi sí, yóò fi sáàmù dá mi lóhùn bíi ti àwọn yòókù. Mo ní, "Mi ò bi yín níbi tó wà. Ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń béèrè. Ibo lẹ kọ ojú rẹ̀ sí?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo sì fún un lómi.

"Títì ni," ó ní. "Àwọn yòókù ní ká kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Èmi ni mo ní rárá. Bí mo bá kọ ojú ọma yẹn síbi tí kò ti ní í rí nǹkan, ṣé á jẹ́ kí n sùn? Á dìde ghá bi mí ni."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, omi ojú sì ń bọ́ lójú wa. Kò fi kún un, mi ò sì béèrè sí i.

Títì kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Òun ni mò ń ru igbá gbà lọ sí Ore, tí mò ń gbà bọ̀, látọjọ́ yìí wá. Èmi ti ń wá a, òun ti ń wò mí.

Nígbà tí mò ń padà lọ sílé, mo ní kí awakọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀ kí a tó dé Odigbo. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá. Mo tú gèlè mi kí ọmọ mi lè dá mi mọ̀, bí irun tilẹ̀ ti funfun, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn létí títì, jẹ́jẹ́. Mò ń kọ ojú sí igbó ọ̀tún, mò ń kọ ojú sí tòsì, nítorí mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà.

"Ọma mi, èmi rè é," mo ní. "Ti Agbabu tó o béèrè, wọn ò tíì wà á o. Mi ò tíì mọ ohun tó fà á. Mo ṣì ń bá ọ béèrè."