Ọjọ́ Tí Ìwé Bàbá Àgbà Dé

Kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó mi nílé wa ní Onitsha, èmi tí mo sá kúrò ní sùkúù ní JS2. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ìwé bàbá àgbà dé láti ọ́fíìsì àwọn néfì.

Ìyá àgbà, tó ń ránṣọ ní Upper Iweka, máa ń sọ pé òkun ló gbé ọkọ òun lọ. Ó tiẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ẹ̀yìn fótò rẹ̀ kọ̀wé béèrè ibi tó kú sí.

Mo ń fìka tọ ìlà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àfi “ó sá kúrò nínú ọkọ̀.” Ìran wa kúkú mọ̀ ọ́n sá.

“Ìyá àgbà, wọ́n ní kò kú sókun o. Ó sá lọ ni.”

Kò gbójú kúrò lára máṣíìnì.

“Mo mọ̀. Ta ló rán ẹ níṣẹ́?”